Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Ọjọ́ Alàmísì ni ìwé náà wọlé sórí fóònù Hadiyyah, níbi tó ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní iléèwé aládàáni kan ní Adéwọlé. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó wá fò dìde lórí àga bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Ó ní kí àwọn ọmọ máa ka ìwé wọn lọ, ó jáde sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó sì fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tó rò pé ojú ẹnikẹ́ni kò tó òun. Ojú ọ̀gá iléèwé tó o. Ìyá náà ń ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀, ó dúró, ó sì bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ara rẹ̀ yá ju ara lọ. Iléèwé kan ní ìlú Bandung, lọ́hùn-ún ní Indonéṣíà, ló kọ̀wé pé àwọn fẹ́ rí bó ṣe ń kọ́ni. Ọdún méjì gbáko tó ti jáde ní yunifásítì Malete ló ti ń wá iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ṣe kọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí, ó sì ti kọ̀wé sí iléèwé mọ́kànlélógún. Àwọn kan kò dáhùn rárá. Àwọn tó dáhùn ní àwọn tó mu Gẹ̀ẹ́sì lọ́mú ìyá wọn ni àwọn ń wá, bí ẹni pé inú ọmú ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

Bandung nìkan ló sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Wọ́n ní pásípọ́ọ̀tù kọ́ ló ń kọ́ni. Kí Hadiyyah wá èèyàn mẹ́rin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn máa wò ó lórí fídíò. Kò gbọ̀dọ̀ ti kọ́ wọn ní nǹkan kan ṣáájú, kò sì gbọ̀dọ̀ fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Bó bá yege, oṣù tó ń bọ̀ ló máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí kò bá yege, ipò kan ṣoṣo ló ṣófo, ẹlòmíràn sì ti wà lórí ìlà.

Ẹ wá sọ fún mi, níbo lèèyàn ti máa rí ẹni mẹ́rin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlọrin òde òní? Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé Hadiyyah lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ń da Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀ láti Adéwọlé títí dé Pákátà, ó tilẹ̀ ń tún ti Hadiyyah ṣe fún un. Nígbà tó dé agboolé wọn, ìyá rẹ̀, Ràúdátù, ló bá lójúde tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó tì í, ó sì rò ó fún un pẹ̀lú èémí gbígbóná. Ràúdátù rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù nínú atẹ.

“Àwọn tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lò ń wá kiri? Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Mẹ́ta nìkan ló kù, èmi ti di ọ̀kan.”

Òótọ́ ni. Inú agboolé náà làwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé. Hàlímọ̀tù ni àgbà wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá Hadiyyah, ọmọ bíbí ilé náà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó padà wá sílé bàbá rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ìyá Àgbà ni Hadiyyah ń pè é. Salimat tẹ̀ lé e, ìyálé gbogbo àwọn ìyàwó ilé, tó ń ta iṣu ní ọjà Ipata, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Nàfísàt ni ìkẹta, oníwàrà, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ràúdátù ló kéré jù, ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti abúlé kan lẹ́yìn Malete ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ka Kùránì parí ní ilé-kéwú. Kò sí èyí tó tẹ ẹnu ọ̀nà iléèwé bókò rí nínú wọn.

Salimat ní òun máa wá, àmọ́ bí wọ́n bá bi òun ní ìṣirò, òun á dìde. Ìyá Àgbà ní bó bá ti jẹ́ pé ọmọ òun ló ń kọ́ni, òun á kọ́ ohunkóhun, kódà bó jẹ́ bí a ṣe ń wa tírélà.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ sí àṣálẹ́ Sátidé, Hadiyyah kò fìdí kalẹ̀. Ó kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Bandung pẹ̀lú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì náà ló ṣe tẹ̀ lé e: orúkọ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Olùkọ́ á sọ orúkọ tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á sọ tirẹ̀, wọn á wá máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù á béèrè orúkọ ẹni tó hán an, á sì tún sọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í. Hadiyyah ra bọ́ọ̀lù pupa kékeré kan, ó sì dúró níwájú dígí, ó ń jù ú, ó ń hán an, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè orúkọ, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí àwọn ìyá ti dé láti àsàlátù nínú híjáàbù funfun wọn. Wọ́n jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hadiyyah gbé láptọ́ọ̀pù ka orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ṣí i, obìnrin kan sì yọ lójú rẹ̀, onígíláàsì, tó wé ìborí aláwọ̀ sánmà. Ìyáàfin Ratna nìyẹn, ọ̀gá àwọn olùkọ́ ní Bandung. Ó ní, “Assalamu alaikum.” Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn Salimat sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bi láptọ́ọ̀pù ṣubú. Ratna rẹ́rìn-ín músẹ́. Hadiyyah sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ó ti bọ́ sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn bí oyin lóòótọ́. Hadiyyah fọwọ́ lé àyà, ó ní, “My name is Hadiyyah.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó nawọ́ sí Salimat. Ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ kì í ṣe àjèjì létí ọmọ ilé-kéwú. Salimat gbé e bí ẹni tó ń ka wáláà: “My name is Salimat.” Nàfísàt gbé tirẹ̀. Ràúdátù gbé tirẹ̀, ó sì fi híjáàbù bo ẹnu nítorí ẹ̀rín. Ìyá Àgbà gbé tirẹ̀ pẹ̀lú agbára: “My name is Halimotu.” Ratna ń máàkì orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n, ayọ̀ sì ń ru lọ́kàn Hadiyyah bí omi ẹ̀kọ lórí iná.

Ó wá yọ bọ́ọ̀lù. Ó jù ú sí Nàfísàt, ó béèrè pé, “What is your name?” Nàfísàt dáhùn. Ó fọwọ́ júwe fún un pé kí ó ju bọ́ọ̀lù sí Ìyá Àgbà, kí òun náà béèrè.

Nàfísàt wo bọ́ọ̀lù. Ó wo Ìyá Àgbà. Ó rọra kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù náà fún un, ó sì padà jókòó láìsọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà gbà á, ó súre fún un.

Hadiyyah rò pé kò yé e ni. Ó yí sí Salimat, ó na ìka sí Ìyá Àgbà, ó ní, “What is her name?” Salimat tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wá ń wo òrùlé. Hadiyyah yí padà sí Nàfísàt. Nàfísàt rò ó títí, ó wá ní, “Her name is Ìbàdíàrán.” Ratna wo ìwé rẹ̀, kò rí Ìbàdíàrán níbẹ̀, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Hadiyyah pé ṣé ìbéèrè náà kò yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni.

Ó yé wọn. Ohun tó ba Hadiyyah nínú jẹ́ gan-an nìyẹn, torí ó rí i lójú wọn pé ó yé wọn dáadáa. Òun ni kò yé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Pákátà, tí wọ́n tọ́ sí Pákátà, kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti fọ ọ́ lórí nù. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ ọwọ́ tó bá bá nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, kò ní pe orúkọ rẹ̀ títí ọmọ náà á fi hu irùngbọ̀n. Orúkọ àpọ́nlé ló máa fún un. Hàlímọ̀tù ni Ìbàdíàrán fún gbogbo àwọn ìyàwó ilé yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní Hàlímọ̀tù rí. Hadiyyah wá jókòó síwájú àlejò, ó ń na ìka sí ìyá arúgbó náà, ó ń ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n tún sọ bọ́ọ̀lù lù ú.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ti lọ. Inú ètò tó fi ránṣẹ́, kò sí ohun tó kù ju orúkọ lọ. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń wo ojú láptọ́ọ̀pù níbi tí Ratna ti ń kọ̀wé. Ràúdátù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó mọ ojú ẹni tó fẹ́ sọ pé ó tì. Ó ti gba ààwẹ̀ lánàá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé ojú sókè, ó gbé ìka díẹ̀ sí ìyá tó ti ń kúnlẹ̀ kí láti ọgbọ̀n ọdún.

“Her name is,” ni ó wí. “Her name is Ha…”

“Rárá, Màmá,” ni Hadiyyah sọ ní Yorùbá gbangba. “Ẹ má pè é.”

Ó ti rú òfin nìyẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jókòó kí ìyá rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ gbolẹ̀ nítorí iṣẹ́ òun, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀run. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó jù ú sábẹ́ àga. Ó wá lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó kọjú sí àwọn yòókù.

“She is my mother,” ni ó wí. Ó lọ bá Salimat, ó gbá òun náà mọ́ra: “She is my mother.” Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Nàfísàt, ó ṣe é fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ti ń mi orí. Ó wá jókòó, ó rọra nàtẹ́lẹwọ́ sí Ìyá Àgbà, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, “Who is she?”

Ojú Ràúdátù là. “Ọkọ mi ni,” ni ó fèsì kíákíá.

Hadiyyah kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fún un ní ọ̀rọ̀ náà. “She is my husband.”

“She is my husband,” ni Ràúdátù wí, ó sì tẹríba fún Ìyá Àgbà bó ṣe ń sọ ọ́. Salimat kò dúró kí wọ́n pè é. “She is my husband!” Nàfísàt náà ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lu àyà, ó ní, “Husband,” ó sì gbádùn rẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì.

Ratna fi bírò sílẹ̀. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: “She is your husband?”

“Yes,” ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn.

Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó rò pé olùkọ́ ló ṣì wọ́n kọ́. Ìyẹn ló bí Salimat nínú. Ẹni tó ti ń bá oníṣu láti Kíṣí dúnàádúrà fún ogójì ọdún kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ṣubú sílẹ̀. Ó bi Hadiyyah pé kí ni wọ́n ń pè ní ilé. “House,” ni Hadiyyah wí. Kí ni wọ́n ń pè ní bàbá? “Father.” Salimat dìde, ó fọwọ́ lu ògiri. “House,” ni ó wí, ó na ọwọ́ sí Ìyá Àgbà, “father. Her father house.” Ó wá jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi híjáàbù bojú bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó ń wọlé bọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì kúnlẹ̀ gbáà síwájú Ìyá Àgbà pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. “Me,” ni ó wí látilẹ̀. “She is my husband.”

Ratna pariwo. Ó ti yé e. Ó ní, “You came to her house.” Salimat ní, “Yes. Came. Nàfísàt came. Ràúdátù came.” Nàfísàt tí kì í sọ̀rọ̀ méjì ní òun ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, Ràúdátù ń fẹ́ ti ọmọ obìnrin. Hadiyyah ń fún wọn ní “first,” ó ń fún wọn ní “daughter,” ọ̀rọ̀ kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n ti gbà á lò. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni, kò rí irú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ń dùn débi tó fi gbàgbé pé wọ́n ń wo òun, ó gbàgbé Bandung, ó gbàgbé aago.

Lẹ́yìn Ratna, obìnrin arúgbó kan gba inú yàrá kọjá pẹ̀lú ife tíì. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i. Ó nàgà, ó sì béèrè, láìsí ẹni tó ní kí ó béèrè: “Who is she?”

Ratna wẹ̀yìn. “She is my husband's mother,” ni ó wí.

Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn. Ìyá ọkọ. Gbogbo wọn ló kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó wá jókòó ti Ratna, ó sì ń juwọ́ sí wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Salimat fi dá a lójú pé, “She is my mother.” Ràúdátù fi ọwọ́ kan àyà, ó nawọ́ sí Hadiyyah, ó ní, “My daughter. First daughter.” Ní gbogbo àkókò yìí, aago ti di mọ́kànlá kọjá.

Ratna ló rántí iṣẹ́. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì bá Hadiyyah sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kíákíá. Ó ní ètò tó wà lọ́wọ́ òun, orúkọ ló wà níbẹ̀, Hadiyyah kò sì kọ́ wọn dé ìdajì rẹ̀. Ó ti sọ Yorùbá. Ó ti kọjá àkókò. Kí ló dé tó fi yí i padà?

Hadiyyah kò ní irọ́ kankan nítòsí. Ó ní ìyá òun kì í pe orúkọ ìyá yẹn, òun kò sì lè fi àìbọ̀wọ̀ fágbà bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un.

Ratna gbé gíláàsì padà sójú. Ó ní ní ọ̀dọ̀ àwọn náà, ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Olùkọ́ mẹ́ta ni àwọn ti gbà láti òkèèrè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ju bọ́ọ̀lù, kò sì sí èyí tó béèrè ìdí tí àwọn ọmọ fi ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń gbani síṣẹ́. Òun máa rò ó fún àwọn yòókù, àwọn á sì kọ̀wé sí i.

Ìrètí Hadiyyah pin. Ó ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ratna, ó sì na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù láti pa á.

Ìyá Àgbà kò gbọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ ẹni tó ti bá wọn jókòó níbi ìtọrọ ìyàwó àìmọye ìgbà mọ ojú àna tó ń sọ pé àwọn á padà wá. Ó di ọwọ́ Hadiyyah mú kó tó kan láptọ́ọ̀pù. Ó fa ọmọ náà wá síwájú, ó mú un kúnlẹ̀ níbi tí Ratna àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti lè rí i dáadáa, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó wá wo inú láptọ́ọ̀pù, ó kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ní jọ.

“She is my daughter,” ni ó wí. Ó nawọ́ sí àwọn méjèèjì ní Bandung, kò sì yára. “She is your daughter.”

Ìyá Àgbà kò gbé ọwọ́ kúrò lórí Hadiyyah, ó ń dúró de èsì bí wọ́n ṣe ń dúró nígbà tí wọ́n bá fa ọmọ lé ìdílé ọkọ lọ́wọ́. Hadiyyah dijú. Ìyá ọkọ Ratna tẹ̀ síwájú, ó ń wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ náà, ó sì sọ gbólóhùn gígùn kan ní èdè wọn. Ratna bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé sójú rẹ̀.

Ó ní ìpàdé ti parí, kò sí ẹni tí òun tún lè lọ bá rò ó mọ́ bí ìyá ọkọ òun bá ti ní kí ọmọbìnrin náà máa bọ̀. Ó ní ìyá ní kí òun béèrè bóyá ọmọ wa máa ń jẹ ata.

Hadiyyah yíjú sí àwọn ìyá náà. Ó tú u fún wọn pẹ̀lú ẹkún, ọ̀rọ̀ “ọmọ wa” ni ó sì kọ́kọ́ dé etí ìyá rẹ̀. Ràúdátù fi híjáàbù nu ojú, ó wo Ìbàdíàrán rẹ̀, ó wo arúgbó tó wà lókè òkun.

“Sọ fún wọn pé ó ń jẹ ẹ́,” ni ó wí. “Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó pọ̀ jù ní àràárọ̀.”